Òórùn Epo Ni Iná Ń Jó

Bí ọyẹ́ bá ti ń la ètè yín bíi tèmi, ẹ fi òrí pa á, kí ẹ sì sún mọ́ rédíò yín dáadáa, torí ọyẹ́ yìí gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá láàárọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wọ takisí Míkírà ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn, Mọ́kọ́lá ni mò ń lọ. Àwa mẹ́ta wà lẹ́yìn, ẹnì kan wà níwájú. A ò tíì rìn jìnnà tí awakọ̀ fi yà sílé epo. Ó gbé ọkọ̀ sún mọ́ pọ́ǹpù, ó fa ohun tó ń ṣí ìdérí táńkì, ó wá jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnì ń dún gìrìgìrì. Mo ní, "Ọmọ mi, pa ọkọ̀ yìí ná." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Bí mo bá pa á báyìí, ẹ̀yin lẹ máa tì í o. Bátìrì ti kú." Mo bá ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sílẹ̀. Ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì sẹ́sẹ̀ pòṣé. Ó ní ṣé inú ọkọ̀ yìí nìkan ni wọ́n ti ń ra epo láìpa ẹ́ńjìnì ni, tí mo fi fẹ́ dá gbogbo èrò dúró? Ọmọbìnrin tó ń ta epo ti gbé ẹnu pọ́ǹpù lọ́wọ́. Lára ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé kí oníbàárà pa ẹ́ńjìnì, kó má mu sìgá, kó má lo fóònù. Màá padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí.

Ohun tó wù mí kí a kọ́kọ́ yanjú ni èyí: kí ni iná ń jó gan-an nílé epo? Ẹ ó ní epo ni. Rárá. Epo bẹntiróòlù tó wà ní olómi, tí ẹ ń wò yẹn, kọ́ ni iná ń jẹ. Òórùn rẹ̀ ni. Ohun tí imú ń gbọ́ tí ojú ò rí, tó ń jáde lára epo bí ooru ṣe ń jáde lára ẹ̀kọ gbígbóná, òun ni oúnjẹ iná. Ẹ̀kọ tí yóò bá tu ooru, a ó gbé e kaná ni. Bẹntiróòlù kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé e kaná. Kódà bí òtútù bá tó ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí omi ti di yìnyín tipẹ́, bẹntiróòlù ṣì ń tu òórùn tó pọ̀ tó kí iná mú un. Dísù ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 50 kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá awakọ̀ tírélà kan fi lè máa fọ́nnu pé òun ti fi ọgbọ̀n ọdún da dísù láìpa ẹ́ńjìnì, kó má sì purọ́. Ẹni tó bá wá fi ọgbọ́n bàbá yẹn da bẹntiróòlù, ọ̀tọ̀ ni ohun tí yóò rí.

Ooru ẹ̀kọ máa ń gòkè ni. Òórùn bẹntiróòlù kì í gòkè. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ níwọ̀n ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń fà tẹ̀ lé. Yóò rọra wọ́ bí omi tí a dà sílẹ̀, yóò wọ abẹ́ ọkọ̀, yóò gba ojú gọ́tà kọjá, yóò sì kóra jọ síbi tó bá ti rí kòtò. Ẹ wá ronú ìyá alákàrà tó tẹ́ àdògán sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì ilé epo, tàbí Máláàmù onísúyà tó ń fẹ́ná lálẹ́ ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ẹni tó ń wo iná yẹn láti ibi pọ́ǹpù yóò ní ó jìnnà. Ó jìnnà sí pọ́ǹpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn tó ń wọ́ nílẹ̀ lè rin ìrìn yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí iná sì gba ọ̀nà kan náà padà wá. Bí òórùn yìí bá ti tó ìdá kan àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ó ti tó jó. Imú wa ń gbọ́ ọ tipẹ́tipẹ́ kó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Inúure ni Ọlọ́run fi ìyẹn ṣe fún wa, àwa la sọ ọ́ di ohun tí à ń fi imú gbá kọjá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí fóònù, torí òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹni tí kò pa ẹ́ńjìnì yóò jágbe mọ́ ẹni tó ń dáhùn ìpè. Mo ti rí i rí: ọlọ́kadà jókòó lórí ọ̀kadà rẹ̀, táńkì ṣí sílẹ̀ láàárín itan rẹ̀, sìláńsà ń gbóná lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ló ń pariwo pé, "Àǹtí, ẹ pa fóònù yín!" Bẹ́ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí náírà dàwáàrí, tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, àwọn tó ń ta epo gan-an ló ń na ẹ̀rọ POS sí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù. Wọn yóò ní kí a fi owó ránṣẹ́, kí a sì fi ẹ̀rí hàn wọ́n lójú fóònù, níwájú ògiri tó ní kí a má lo fóònù. Ògiri náà ń wò wá.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Petroleum Equipment Institute kó ìròyìn iná tó ṣẹ́ yọ níbi tí àwọn ènìyàn ti ń bu epo jọ, ó lé ní 150. Wọn ò rí ẹyọ kan tí wọ́n lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fóònù ló dá a. Ohun tí wọ́n ń bá pàdé léraléra ni iná tí ara ènìyàn fúnra rẹ̀ gbé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lásìkò ọyẹ́, tí ẹ bá ń bọ́ súwẹ́tà tàbí aṣọ aláràn-án nínú òkùnkùn, yóò máa ta páráparà, ẹ ó sì rí iná wẹ́wẹ́ lójú aṣọ. Tàbí kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kó ta yín lọ́wọ́. Iná ọyẹ́ ni mo máa ń pè é. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, tí ìrì wà nínú rẹ̀, kò ní lè dúró lára. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ bí ẹran yíyan, ìgbà yẹn ló máa ń lágbára.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Lọ́ńdọ̀nù àti Chicago ju àwa tí a wà nílé lọ, torí ẹ̀yin lẹ ń fi ọwọ́ ara yín bu epo. (Àwọn tó wà ní New Jersey kò sí níbẹ̀, láti ọdún 1949 ni òfin wọn kò ti gbà kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ bu epo.) Afẹ́fẹ́ ìgbà òtútù lè gbẹ lọ́dọ̀ yín náà. Ìwọ gbé ẹnu pọ́ǹpù sí táńkì, o fi í sílẹ̀ kó máa dà, òtútù mú ọ, o padà wọ ọkọ̀ lọ jókòó. Bí o ṣe ń fi ìdí nu àga yẹn, tí o tún ń fi ìdí nu ún bọ̀, ni iná ọyẹ́ ń wọ aṣọ rẹ. O jáde, o na ọwọ́ sí ẹnu pọ́ǹpù, níbi tí òórùn ti kún fọ́fọ́, ó sì ta. Nǹkan bí ìdajì iná tí ẹgbẹ́ yẹn kọ sílẹ̀, lẹ́yìn irú ìwọlé-wọ̀de báyìí ni wọ́n ṣẹlẹ̀. Ẹ dúró síta títí yóò fi kún. Bí ẹ bá ti wọlé ná, ẹ fi ọwọ́ lásán kan irin ara ọkọ̀ níbi tó jìnnà sí ihò epo, kí ẹ tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Ṣé ẹ wá rí i pé n kò ní kí ẹ máa lo fóònù níbi pọ́ǹpù? Ẹ fi í sápò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ojú tó ń wo WhatsApp kò lè rí epo tó ń ṣàn wálẹ̀ lára ọkọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ kúrò níbi pọ́ǹpù, tàbí kí ẹ rìn lọ sí ẹnu ọ́fíìsì wọn.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí lítà kan tí kò tó ₦200 di ₦488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ mélòó kan, ojú wa ti lẹ̀ mọ́ mítà. "Ṣé ó wà ní òdo?" "Ẹ jẹ́ n wò ó." Ẹ ṣeun, ẹ máa wò ó, ẹ̀tọ́ yín ni. Owó yẹn náà ló kó àwọn kan sínú àṣà mìíràn: pọ́ǹpù ti dá dúró fúnra rẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ ilé epo tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń mi ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì kó lè gbà sí i. Epo tó ti inú táńkì abẹ́ ilẹ̀ jáde tutù. Bí ọkọ̀ bá dúró sínú oòrùn ọ̀sán, epo náà yóò wú. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, lítà 50 yóò fi bí ìdajì lítà pọ̀ sí i. Níbo ni ẹ fẹ́ kí ìdajì lítà yẹn gbà, nígbà tí ẹ ti mi ọkọ̀ kún dé ọ̀fun?

Èyí tó ń já mi láyà jù ni kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ mọ kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò lítà 25 yẹn, èyí tí òróró ti kọ́kọ́ gbénú rẹ̀. Ìdérí rẹ̀ ti sọnù, wọ́n fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀. Tí epo bá ti wọ́n, gbogbo wa la máa ń gbé e. Àwọn aláṣẹ a máa fòfin de títa epo sínú kẹ́ẹ̀gì nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìlú tí kò níná kò lè ṣe kó má ra epo jẹnẹrétọ̀, nítorí náà ẹni tó fẹ́ rà á yóò rà á. Ẹ jẹ́ kí a kúkú kọ́ bí a ṣe ń rà á. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sórí ilẹ̀. Orí ilẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe inú bùútù, kì í ṣe orí àga, kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́ Máárúwá. Epo tó ń sáré nínú pọ́ǹpù ń kó iná ọyẹ́ bọ̀ bí aṣọ tó ń nu ara. Bí kẹ́ẹ̀gì bá wà nílẹ̀, iná yẹn ń rí ọ̀nà wọlẹ̀ lọ. Bó bá wà lórí kápẹ́ẹ̀tì bùútù, nínú ọkọ̀ tó dúró lórí táyà rọ́bà, yóò máa kóra jọ níbẹ̀, òórùn náà yóò sì máa kóra jọ níbẹ̀. Wọ́n ti pàdé nìyẹn. Kí ọmọ ilé epo fi ẹnu pọ́ǹpù kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì, kó rọra tú u, kó má sì kún un dé ẹnu.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti jẹ̀bi rí. Ní ọdún kan tí epo wọ́n, mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sí bùútù, mo kó àwọn ọmọ sẹ́yìn, a ń lọ sí Ìlọrà fún òkú. Mo ti fèrèsé pa nítorí eruku. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, orí ti ń fọ́ mi, àbíkẹ́yìn mi ti bì sára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo rò pé ọkọ̀ ló ń kọ̀ fún un. Ìgbà tí mo dúró, tí mo ṣí bùútù, ni mo rí i pé ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì ti dùbúlẹ̀, ọ̀rá ẹnu rẹ̀ ti yọ, kápẹ́ẹ̀tì ti mu epo yó. Ọkùnrin kan tó fẹ́ bá wa gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú sìgá lẹ́nu. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní Ìlọrà, kò yà mí lẹ́nu.

Bí kẹ́ẹ̀gì bá délé tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Iná lọ, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣàn, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "Ai bẹ́tà pàs". Ọkùnrin ilé kò fẹ́ kí góòlù kan kọjá òun, ó ń da epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ṣì ń dún. Sìláńsà jẹnẹrétọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta lè gbóná dé ibi tí bẹntiróòlù tó bá kán sí i yóò ti gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ìṣáná, láìsí àbẹ́là. Ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì ríran, ẹ má gbé àtùpà wá síbẹ̀.

Ẹ má sì fi ẹnu fa epo. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì wa gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí bẹntiróòlù bá ṣèèṣì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, díẹ̀ tí kò kún ṣíbí lè da èèyàn dùbúlẹ̀. Bí ọmọdé bá gbé e mu nínú ìgò omi tí ẹ rọ ọ́ sí, a ti mọ ohun tí ìyá àgbà máa kọ́kọ́ pè fún: epo pupa. Ẹ jọ̀wọ́, epo pupa kọ́ ni oògùn bẹntiróòlù. Èébì ni yóò mú ọmọ náà bì, bí ó bá sì ti ń bì ni bẹntiróòlù yóò rí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fún un ní ohunkóhun tí yóò mú un bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

Bí epo bá dà sí yín láṣọ nílé epo ńkọ́? Ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni ká bọ́ aṣọ náà wéré. Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ da omi sí i kí ẹ tó bọ́ ọ, torí bíbọ́ aṣọ gbígbẹ yẹn gan-an ló ń ta iná. Bí iná bá sì ṣẹ́ níbi ihò táńkì nígbà tí epo ń dà lọ́wọ́, ẹ má fa ẹnu pọ́ǹpù yọ. Ẹni tó bá fà á yọ ti fi epo oníná wẹ ara rẹ̀ àti ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi í síbẹ̀, ẹ sá jìnnà, ẹ pariwo kí wọ́n pa pọ́ǹpù láti inú. Omi kò ṣeé dà sí i: bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, yóò léfòó sórí rẹ̀, yóò sì máa jó lọ bí omi bá ṣe ń gbé e lọ. Yanrìn inú bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀ ni kí wọ́n lò, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìpaná. Nígbà mìíràn tí ẹ bá dé ilé epo tí ẹ ti máa ń rà, ẹ yọjú wo bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo ti bá ìdí sìgá àti ọ̀rá búrẹ́dì nínú ọ̀kan rí. Èyí tó jẹ́ sìgá ni kò yé mi di òní.

Ohun kan tún kù. Tí ẹ bá dé ilé epo, tí ẹ bá táńkà tó ń já epo sínú ilẹ̀, ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn kí ẹ padà wá. Bí epo tuntun ṣe ń wọlẹ̀ ni òórùn tó wà nínú táńkì ilẹ̀ ń jáde bọ̀ síta. Ti táńkà tó bá ṣubú lójú títì, ẹ̀yin náà gbọ́ ti Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Àwọn ènìyàn jáde pẹ̀lú ike àti kẹ́ẹ̀gì láti gbọ́n epo tó dà sí gọ́tà, iná sọ, ẹni tó lé ní 150 lọ sí i. Ẹni tó bá rí táńkà tó ṣubú, kó sá síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kó tẹ 112. L'Ékòó, ẹ tún lè tẹ 767.

Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ti ń nàka sí aago. Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ Míkírà.

Ọmọbìnrin tó ń ta epo wò mí níbi tí mo dúró sí, ó wo awakọ̀, ó sì gbé ẹnu pọ́ǹpù kọ́ padà. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ pa á. Màmá ti bọ́ sílẹ̀." Awakọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó dá a lápàárá, ó ní kó ro ti àwọn èrò tó ń kánjú. Ọmọbìnrin náà kò dá a lóhùn, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Ọlọ́kadà méjì tó wà lẹ́yìn wa ti ń fun fèrè. Nígbà tó yá, awakọ̀ pa á. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n da epo ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sí i, wọ́n dé táńkì. Ó fẹ́ kí a tì í kí ẹ́ńjìnì lè dún níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, mo ní rárá, kí a kọ́kọ́ tì í dé ẹnu ọ̀nà títì. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ọmọkùnrin tó jókòó níwájú bá mi ti apá kan, mo wá gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá onítòmátì ni. Ó ti wé gèlè rẹ̀ mọ́ ìdí. Ó ní, "Ẹ tì í dáadáa jàre, tòmátì mi wà nínú rẹ̀."